Ọ̀rọ̀ Àárín Wa: Ìwé Ìdójútòfò tí Owó Rẹ̀ Kéré Jù

  Ní àkókò báyìí lọ́dọọdún, àwọn kan nínú wa ti ń di ẹrù láti lọ sí ilé, àwọn mìíràn sì ń retí àlejò. Kí Ọlọ́run mú wa lọ ire, kí ó mú wa bọ̀ ire.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kò dùn mọ́ wa lẹ́nu, nítorí pé ẹ̀bi wa wà nínú rẹ̀. Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé ẹgbẹ́ kan, ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, àwa tí a ń kọ ojú ìwé yìí dìde níwájú gbogbo yín. A sọ pé a ti wá àwọn ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò kiri, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ínṣọ́ránsì, a sì ti rí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ fún ilé àti ẹrù inú ilé. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wa. Inú wa dùn, a sì jókòó bí ẹni tí ó ṣe ìlú ní oore.

Àwọn díẹ̀ nínú yín tẹ̀lé wa. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá wa kan, opó, tí wọ́n ń ránṣọ ní àdúgbò wa. Wọ́n ti fún wa ní àyè kí a sọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n a kò ní dárúkọ wọn. Ní ọdún tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n wọn kú ní ilé. Wọ́n lọ sin òkú, wọ́n dúró de ìpín ogún, ara wọn kò sì yá fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n fi padà sí New Haven, ọjọ́ mọ́kànlélógójì ti pé. Wọ́n bá ilẹ̀kùn tí wọ́n ti fi irin fọ́. Olè ti kó fìríìjì, tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀ kékeré, àpótí aṣọ òfì kan àti ẹ̀rọ ìránṣọ méjì lọ.

Ìyá wa kò sunkún. Wọ́n gbé ìwé ìdójútòfò wọn wá sí ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ní kí a bá wọn kọ lẹ́tà. A kọ ọ́. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì kúrú. Ilé-iṣẹ́ náà ní kí a ka ojú ewé kẹrin. A kà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ ní lẹ́tà kéékèèké pé bí ilé bá ṣófo ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, kò sí ẹ̀tọ́ kankan lórí ohun tí olè bá jí. Nípa ẹ̀rọ ìránṣọ, ìwé náà tún sọ pé ohun èlò òwò kì í ṣe ẹrù ilé. Kọ́bọ̀ kan kò jáde. Ilé-iṣẹ́ náà kò sì purọ́: ohun tí wọ́n kọ náà ni wọ́n ṣe. Àwa ni a kò kà á kí a tó pe àwọn ènìyàn sí i.

Nígbà tí a ka ojú ewé náà tán fún ìyá wa, a kò lè wo ojú wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Akọ̀wé, ọmọ mi, a ti gbọ́ tèmi. Mú tìẹ náà wá kí a kà á.” A mú un wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú a ti rí i pé bí iná bá jó ilé wa ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìdajì àdánù wa ni a ó máa bẹ̀bẹ̀ fún. Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú ìwé báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí a sì rí ni a fẹ́ fi hàn yín.

Ìbéèrè tí a gbé lọ sí ọjà ní ìgbà yẹn ni, “Èló ni?” Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá ra gàrí kò ní béèrè owó láì wo bí kóńgò ṣe tóbi tó. Bákan náà ni ìdójútòfò. Owó ọdọọdún jẹ́ ẹyọ kan. Ohun tí owó náà rà ni ọ̀rọ̀ gan-an.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ni kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Enugu láti Port Harcourt ní 1916 ni ẹrù ti ń gba ọwọ́ akọ̀wé kọjá. Nínú ètò rélùwéè tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀, iye owó méjì ni wọ́n máa ń dá lé irú ẹrù kan náà. Èkíní pọ̀ díẹ̀: bí ẹrù bá bàjẹ́ lọ́nà, rélùwéè ni yóò dáhùn. Èkejì kéré: olówó ẹrù ni yóò fara mọ́ ewu rẹ̀. Akọ̀wé tí ó bá sọ fún oníṣòwò pé “èyí ni ó rọjú jù” láì sọ ẹni tí yóò ru ewu, ó ti tan án jẹ. Ohun tí a ṣe fún yín ní ìpàdé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ọ̀tọ̀ ni ìdójútòfò ilé, ọ̀tọ̀ sì ni ti ẹrù inú ilé. Ti ilé dúró fún ògiri, òrùlé, ilẹ̀kùn, fèrèsé, àti ohun tí a kàn mọ́ ilé. Ti ẹrù dúró fún ibùsùn, aga, aṣọ, ìkòkò, fìríìjì àti irú wọn. Ayálégbé ni púpọ̀ nínú wa ní New Haven. Ayálégbé kò ní ohun tí ó ń fi ìdójútòfò ilé ṣe. Ti onílé ni. Ti ẹrù ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ìwé onílé yóò dáàbò bo ẹrù yín. Bí ilé bá jó, onílé lè gba owó kí ó tún un kọ́, kí ẹ̀yin sì jókòó sí ìta pẹ̀lú aṣọ ọrùn yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa ará òkè òkun kékeré yìí ní ilé méjì. A ní yàrá tí a ń gbé níhìn-ín, a sì ní ilé tí a kọ́ sí ìlú wa, ní Ìjẹ̀bú, ní Ìlá, ní Ọ̀fà, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òógùn ogún ọdún ni ó wà nínú bíríkì ilé náà. Òun ni a sì ń fi sílẹ̀ láì sí ìwé kankan lórí rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ yàrá rẹ̀ ṣófo láti Kérésìmesì dé Kérésìmesì. Ẹ sọ òtítọ́ fún ilé-iṣẹ́ tí ẹ bá ń bá ṣe àdéhùn: ta ni ó ń gbé ibẹ̀, ìgbà wo ni ó máa ń ṣófo, ṣé ìsọ̀ wà ní iwájú rẹ̀. Bí a bá fi ọ̀kan pamọ́, wọ́n lè fi ìyẹn wọ́gi lé ìwé náà lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ iye. Iye tí a ó kọ sínú ìwé kì í ṣe iye tí a lè ta ilé náà, nítorí pé ilẹ̀ wà nínú owó títà, iná kì í sì í jó ilẹ̀. Iye tí yóò ná wa láti tún ilé náà kọ́ lónìí ni, títí kan owó kíkó àlàpà kúrò àti owó ayàwòrán ilé. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, lónìí. Ẹni tí ó kọ́lé ní 2015 tí ó sì ń lo iye 2015, sìmẹ́ǹtì àti páànù ti fi í sílẹ̀ lọ tipẹ́tipẹ́. Ọdọọdún ni kí á tún iye náà wò.

Ìdí rẹ̀ ni òfin kan tí ó wà nínú púpọ̀ àwọn ìwé wọ̀nyí, tí ó ń pa onílé lára láì jẹ́ pé ó mọ̀. Bí ẹ bá kọ ìdajì iye ilé yín, wọ́n á gbà pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ru ewu ìdajì yòókù. Nítorí náà, bí iná bá jó yàrá kan péré, ìdajì àdánù yàrá náà ni wọn yóò san. Ẹ̀yin lè rò pé, “Àdánù mi kò tó iye tí mo kọ, wọn yóò san gbogbo rẹ̀.” Rárá o. Ibí yìí ni àwa náà ti ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò. Ẹ má ṣe gbé iye wọ̀nyí lọ sí ọjà. A kàn ṣe wọ́n kí ó lè yé wa ni. Ká ní ilé kan wà tí yóò ná ni ₦40,000,000 láti tún kọ́. Ìwé méjì wà níwájú wa. Ìwé A ń gba ₦60,000 lọ́dún. ₦20,000,000 ni a kọ sínú rẹ̀. Iná àti àrá nìkan ni ó dúró fún. Onílé ni yóò sì kọ́kọ́ ru ₦500,000 nínú àdánù kọ̀ọ̀kan. Ìwé B ń gba ₦110,000 lọ́dún. ₦40,000,000 ni a kọ sínú rẹ̀. Ó dúró fún iná, àrá, ìbúgbàmù, ìjì àti omíyalé. ₦200,000 ni onílé yóò kọ́kọ́ rù.

Ẹni tí ó bá wo owó nìkan yóò mú A, yóò sì sọ pé òun jèrè ₦50,000. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Nínú A, ₦3 ni à ń san lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tí a kọ sínú ìwé. Nínú B, ₦2 àti 75 kọ́bọ̀ ni. Èyí tí a rò pé ó rọjú ni ó wọ́n jù, tí ó sì tún dúró fún ohun díẹ̀.

Iná wá ṣẹ́ yọ ní ilé ìdáná, ó ba nǹkan jẹ́ tó ₦8,000,000. Ìwé A: ìdajì iye ilé ni a kọ, nítorí náà ìdajì àdánù ni wọn yóò kà, ₦4,000,000. Yọ ₦500,000 ti onílé kúrò, ó ku ₦3,500,000. Ìwé B: ₦8,000,000, yọ ₦200,000, ó ku ₦7,800,000. Ìyàtọ̀ jẹ́ ₦4,300,000. Ẹni tí ó mú A yóò ní láti máa fi ₦50,000 pamọ́ lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún kí ó tó lè dí ihò náà. Ta ni nínú wa ni yóò dúró dè é?

Ẹ tún wo irú ewu tí ìwé náà dárúkọ. Iná nìkan kọ́ ni ó ń lé ènìyàn kúrò nílé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, 1980, odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn, ó gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní, 2024, ohun abúgbàmù bú ní Bódìjà ní Ìbàdàn kan náà, ó wó ilé àwọn ẹni tí kò mọ̀wọ̀n tí kò mẹsẹ̀. Ìwé tí ó dúró fún iná àti àrá nìkan kì í gba omi mọ́ra. Àwa tí a wà lẹ́bàá òkè Udi níhìn-ín mọ bí àgbàrá ṣe ń ya ilẹ̀. A sì mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, omi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò ni omi tí ọkọ̀ ń gbé bọ̀ láti Ninth Mile. Ibi tí a ti ń ra omi mu, ibo ni a ó ti rí omi pa iná? Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá, 2019, tí ọkọ̀ epo gbiná ní Onitsha, tí iná náà wọ ọjà Ochanja, ẹ̀rù rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín.

Nípa ẹrù ilé, ìṣòro mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni wúrà, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn àti ohun iyebíye: púpọ̀ ìwé ni ó fi òpin sí iye tí wọn yóò san lórí wọn, àfi bí a bá kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀. Owó tí a fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ má retí rẹ̀. Èkejì ni ohun èlò òwò, bí ẹ ti gbọ́ nípa ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìwé ti òwò lọ́tọ̀ ni ó wà fún un. Ẹ̀kẹta ni bí wọn yóò ṣe san án. Àwọn kan ń san iye tí a lè fi ra tuntun. Àwọn mìíràn ń yọ owó lílò àti gbígbó kúrò. Fìríìjì ọdún mẹ́wàá tí wọ́n yọ ìgbó rẹ̀ kúrò, owó tí ó kù lórí rẹ̀ lè máà tó ra fáànù.

Ó ku ti ilé tí ó ṣófo, èyí tí ó gbé ìyá wa ṣubú. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ilé ní oṣù yìí, ẹ ṣí ìwé yín lónìí. Bí ó bá sọ pé ọgbọ̀n ọjọ́, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì gba èsì tí a kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu aṣojú wọn kò tó. Ẹ tún fi ẹni tí ọkàn yín balẹ̀ sí sílẹ̀ kí ó máa sùn níbẹ̀.

Nípa owó sísan, láti ìgbà òfin ìdójútòfò ti 2003 ni ó ti wà nínú òfin pé láì san owó, kò sí ààbò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2013 ni àjọ ìjọba tí ó ń mójú tó iṣẹ́ náà, NAICOM, ti ń mú un ṣẹ pẹ̀lú ọwọ́ líle. Òfin tuntun dé ní 2025, ó sì rọ́pò ti 2003. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbà kí aṣojú kankan sọ pé, “Ẹ fọwọ́ sí i ná, ẹ ó san án ní ìparí oṣù.” Ẹ béèrè lọ́wọ́ NAICOM bóyá ilé-iṣẹ́ náà ní àṣẹ, ẹ san owó sí orúkọ ilé-iṣẹ́, kì í ṣe sí àpò ènìyàn kan, ẹ sì gba rìsíìtì. Bí wọ́n bá jẹ yín níyà, NAICOM náà ni a ń gbé ẹjọ́ lọ bá. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ọkàn yín kò gba ti àtijọ́, takaful wà, èyí tí NAICOM fi àṣẹ sí. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ń dá owó jọ láti ran ara wọn lọ́wọ́ ní ìbámu pẹ̀lú ẹ̀sìn.

Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ sọ fún wa pé, “Ọlọ́run ni ó ń ṣọ́ ilé.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ni ó kọ́ wa pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn mìíràn ní, “A ní àjọ, a ní ẹgbẹ́.” Àjọ dára, ṣùgbọ́n owó tí a dá ni a ń kó, kò lè kọ́ ilé ₦40,000,000 fún ẹni kan. Ìdójútòfò ni kí ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò mọ ara wọn dá owó díẹ̀díẹ̀, kí àwọn díẹ̀ tí ilé wọn jó lè rí i lò. Lẹ́yìn iná ńlá tí ó jó Lọ́ńdọ̀nù ní 1666 ni àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú ìwé yìí fún ilé, ilé-iṣẹ́ Royal Exchange Assurance sì gbé e dé Èkó ní 1921. Wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ọba ni yẹn. Ilé akọ̀wé tí ó jó, gbèsè ni ó bù sí i.

Iṣẹ́ kan ni a fẹ́ kí olúkúlùkù yín ṣe kí ẹ tó di ẹrù. Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ wọ yàrá dé yàrá, ẹ kọ gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ àti iye tí ẹ ó fi ra òmíràn lónìí. Ẹ ya fọ́tò wọn. Ẹ kó rìsíìtì jọ. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹbí yín ní ilé, nítorí pé ìwé tí ó wà nínú ilé tí ó jó, òun náà ti jó. Nígbà tí àwa ṣe tiwa, ẹrù tí a rò pé kò ju ₦2,000,000 lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀.

A ti sọ fún alága pé ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé ìdójútòfò mú un dání. A ó tètè dé ní wákàtí kan ṣáájú, a ó sì bá yín kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ wa ní ọjọ́ sí. A kò ní sọ èyí tí kí ẹ rà mọ́. A ó kàn bá yín ka ojú ewé kẹrin ni.

Ní ti ìròyìn ẹbí, inú wa dùn láti kéde pé ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ní òpópónà Chime bí ìbejì, akọ àti abo. Ìyá àti àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà. Ìyá wa tí olè jà náà ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ kan pẹ̀lú owó tí ẹgbẹ́ dá jọ, wọ́n sì fi owó ọwọ́ wọn ra èkejì ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Aṣọ ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí, ọ̀dọ̀ wọn ni a ó ti rán an. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dúnàá-dúrà jù pẹ̀lú wọn.

Ó dìgbà kan ná o.